Kọ́tìnì Bàbá Télọ̀

Ara onídìrí kì í balẹ̀ láàárọ̀ àfi tí fóònù bá dún, tí ìyá tó ń gbé ní òdìkejì ilé bàbá rẹ̀, Bàbá Télọ̀, bá wí pé, "Ó ti ṣí kọ́tìnì o." Àdéhùn wọn nìyẹn. Bí Bàbá Télọ̀ bá jí, á fa kọ́tìnì fèrèsé ńlá rẹ̀ tó kanlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: àlàáfíà ni. Bí kò bá ṣí i, ẹ sáré wá. Bàbá ló dá a lábàá, nígbà tí ọmọ fẹ́ fi tipátipá mú un lọ sílé tirẹ̀. Ọmọ gbà, ṣùgbọ́n ó ní, "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣubú, ẹrù yín di dídì nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, fóònù dún.

"Kọ́tìnì ò ṣí."

"Ó wà ní pípadé?"

"Kò padé."

"Ìyá, kò ṣí, kò padé, kí ló wá ṣe?"

"Kò sí níbẹ̀ rárá! Fèrèsé wà níhòòhò."

Onídìrí pe bàbá rẹ̀. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ló bá ju òòyà sílẹ̀.

Oníbàárà tó jókòó níwájú rẹ̀, tí irun ìdajì orí rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán, fò dìde. "Èmi ńkọ́?"

"Ẹ jókòó, mò ń bọ̀."

"Kí n jókòó kẹ̀? Orí mi ń lọ, kí n jókòó!"

Bí àwọn méjèèjì ṣe wọ takisí nìyẹn. Ọkàn onídìrí ń sáré ju ọkọ̀ lọ. Ó ti fojú inú rí bàbá nílẹ̀. Ó ti rí ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ máa wà nínú yàrá ọmọ òun. "Dẹ́rẹ́bà, ṣé ẹyin lẹ kó ni?"

Ó fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Bàbá Télọ̀ rèé lórí àga, kọ́tìnì lórí orúnkún, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kan, òwú lọ́wọ́ kejì, ó di ojú kan, ó yọ ahọ́n síta.

"Bàbá! Ẹ ò gbé fóònù!"

"Ọwọ́ kẹta wo ni kí n fi gbé e?"

"Kí lẹ ń fi kọ́tìnì ṣe?"

"Ó gùn jù. Ó ń wọ́ nílẹ̀."

"Ó pẹ́ tó ti ń wọ́ nílẹ̀." Ó tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá, ṣé ó gbé yín ṣubú?"

Bàbá ń wo abẹ́rẹ́. "Mo fẹsẹ̀ kọ ọ́ lánàá. Mo di ògiri mú. Ìkọsẹ̀ kì í ṣe ìṣubú."

"Ẹ ti di lọ́yà!"

Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Ohun tó fẹ́ gbé mi ṣubú, èmi fẹ́ gé e kúrú. Ìwọ, èmi lo fẹ́ kó kúrò nílé. Ká ní òwú yìí ti wọlé ni, kọ́tìnì á ti padà sípò kí ìyá tó ń ṣe amí fún ọ tó jí."

Onídìrí nawọ́ sí kọ́tìnì. Bàbá fà á padà. "Irun niṣẹ́ tìẹ."

Onídìrí bá gba òwú àti abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi itọ́ mú òwú rin, ó tì í wọ ojú abẹ́rẹ́, ó dá a padà fún un. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ etí aṣọ náà, ọwọ́ rẹ̀ ò ṣìnà.

"Ṣé a lè máa lọ?" ni oníbàárà bi í.

"Ẹ dúró ná." Ó ń kó òwú sínú gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nínú ike bàbá rẹ̀, ó ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré kan. "Bí wọ́n bá tán, ẹ pè mí."

"N óò pè ọ́. Lọ ṣe orí ọlọ́rí."

Lọ́jọ́ kejì, fóònù pẹ́ kó tó dún. Onídìrí ti wọ bàtà.

"Ó ti ṣí i o. Ó mà gé e kúrú jù! Kó tó ṣí i, mo ti ń rí ẹsẹ̀ ẹ̀ lábẹ́ ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ọ̀hún ńkọ́, ìyá?"

"Ó ń rìn kiri."