Mísíkì Tí Imú Kò Gbọ́ Mọ́

Memunat tún fa mísíkì díẹ̀ sínú síríǹjì, ó kán an sínú ìgò Alhaji Abdulhameed. Ó mi ìgò náà, ó gbé e sí imú. Mísíkì kò tíì yọ síbẹ̀.

Láti àárọ̀ ló ti jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà Àǹtí Lateefah ní Òṣòdì. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ojú ń ta á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Alhaji ti dá èyí tó pò fún un padà láti ilé rẹ̀ ní Ire-Akari, ó ní ó le ju èyí tí òun ń kùn lọ sí Jímọ̀. Àǹtí sì ti sọ̀rọ̀: "Tó bá tún dá a padà, wàá lọ máa kiri ìgò lẹ́bàá títì. Morọ́lá tó ń kiri ìgò báyìí á wá jókòó sáàyè rẹ."

Ó na ìgò náà sí Àǹtí. Àǹtí fa ọrùn sẹ́yìn.

"Òkú lo fẹ́ fi èyí kùn lára ni? Ó ti le jù."

"Àǹtí, n ò gbọ́ mísíkì kankan níbẹ̀."

"Imú tìẹ nìyẹn."

Memunat rọra ṣí ìgò òdòdó róòsì. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó wá ṣí ìgò mísíkì gan-an. Bí omi lásán ló rí. Àṣé àpòpọ̀ náà kọ́ ló ní àléébù. Ó wo etí híjáàbù rẹ̀, ibi tó máa ń fi òróró nù sí kí oníbàárà lè gbọ́ òórùn rẹ̀: mísíkì ti rin ín gbingbin. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ló wà látàárọ̀. Ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rélùwéè kì í gbọ́ ọkọ̀ ojú irin mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mísíkì ṣe ti mọ́ imú rẹ̀ lára tí kò fi gbọ́ ọ mọ́, ó sì ń gbọ́ ìyókù.

Ó pààrọ̀ híjáàbù, ó fọ ọwọ́, ó jáde lọ jókòó síta títí orí rẹ̀ fi fúyẹ́. Nígbà tó padà, mísíkì gbá a nímú láti ẹnu ọ̀nà. Ó da ti àkọ́kọ́ nù, ó pò òmíràn, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, ó dé e.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Alhaji fúnra rẹ̀ yà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó kán an sí ọrùn ọwọ́. Ó gbé ọwọ́ náà sí imú.

"Òun nìyí. Ẹ pò ti àwọn ọmọ mi náà. Ọmọ yìí ni kó pò ó o."

Àǹtí dìde. Ó yí fáànù sí ìjókòó Memunat.