Orúkọ Tí Afeez Kò Lè Pè Lórí Òrùlé

Ọmọ mi Àkànjí ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ òrùlé. Kì í ṣe òrùlé tó ga ṣóńṣó o. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ilẹ̀ yàrá, tí omi òjò máa ń dúró lé lórí, ni tirẹ̀. Òun ló máa ń tẹ́ fẹ́ẹ̀tì dúdú sí i, tí á fi iná yọ́ ọ mọ́lẹ̀ kí ilé má baà jò. Láti Ọgbà dé Àgìdìngbì, ilé iṣẹ́ tó bá ti ń jò, òun ni wọ́n ń wá. Bí mo bá kọjá níbẹ̀, inú mi á dùn, màá máa kọrin lọ:

*Àkànjí ọmọ mi gòkè bí ẹyẹ,*
*Òjò rọ̀ títí, ilé onílé ò jò.*

Afeez náà wà lára àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Afeez ló fẹ́ Nusrat, ọmọ Àkànjí. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni Nusrat ṣì jẹ́. Ọmọlúàbí ni Afeez. Bó bá rí àna rẹ̀, ì báà jẹ́ inú ẹrẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni.

Níbi iṣẹ́ tí wọ́n gbà ní Àgìdìngbì lọ́dún yìí, ẹnjiníà wọn gbé òfin kalẹ̀. Wọ́n ta okùn tó ní àsíá pupa yí òrùlé ká, ó jìnnà díẹ̀ sí etí. Ẹni tó bá máa kọjá okùn, kó de bẹ́líìtì, kí wọ́n so ó mọ́ irin. Ẹnì kan á sì wà tí kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ mìíràn. Kó ṣáà máa ṣọ́ àwọn yòókù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń sún mọ́ etí, kó pariwo orúkọ rẹ̀, kó ní, "Dúró!" Afeez ni wọ́n yàn, nítorí ohùn rẹ̀ ròkè. Òun kúkú ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa.

Láolú, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi láàárín wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Afeez, bó bá wá kan Bàbá ńkọ́? Ṣé wàá pe Àkànjí gbàgà báyẹn?"

Àkànjí ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Kó dán an wò. Ọjọ́ tó bá pe orúkọ mi níbí, ọjọ́ náà ni Nusrat ń kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ wálé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Afeez náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àkànjí ń tẹ́ fẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yìn ló ń fi rìn bọ̀. Ó dé ìdí okùn, ó gbé e sókè, ó tẹrí kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ wà lórí garawa. Ó ku díẹ̀ nínú fẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ gé létí ibẹ̀, kò sì fẹ́ wàhálà àtidè.

Afeez rí i. Ó lanu. Ohun tó jáde ni: "Dádì, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí ò bá ní bí yín nínú..."

"Kí ló dé?" Àkànjí tún sún sẹ́yìn.

"Ibi tẹ́ ẹ wà yẹn, sà, ẹ..."

Kò parí ẹ̀. Òrùlé ti tán lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi.

Orí òkìtì páálí tí wọ́n kó jọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́ ló já lé. Alihamudulilahi, ó yè, ṣùgbọ́n egungun itan rẹ̀ ṣẹ́.

Afeez kò wá sí ọsibítù. Nusrat ló ń dá gbé oúnjẹ wá. Ó ní ọkọ òun ò pe ìrun mọ́. Afeez ní ohùn tí kò jáde lọ́jọ́ yẹn, kí lòun tún fẹ́ fi ṣe? Ẹnjiníà náà ti sọ fún un pé bí kò bá lè pariwo mọ́ àgbà, kó má padà gun òrùlé.

Ìgbà tí a gbé Àkànjí dé ilé wa ní Ifákò ni Afeez tó yọjú. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láàárín bàtà, kò dìde. Àkànjí kọjú sí ògiri. Mo rò pé inú ló ń bí i.

"Màámi," ó ní, "ojú ń tì mí. Èmi ni mo dí i lẹ́nu." Ó ṣì kọjú sí ògiri. "Afeez, dìde. Pè mí. Bó ṣe yẹ kó o pè mí lọ́jọ́ yẹn."

Afeez dìde, ó lanu. Omi ojú nìkan ló jáde.

Mo bá gbé e lórin:

*Àkànjí o, dúró!*
*Etí òrùlé ò mọ bàbá, dúró!*
*Etí òrùlé ò mọ àna, dúró!*

"Gbè é, Afeez," mo ní. "Orin ni, kì í ṣe àfojúdi."

"Dúró," ó gbè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. A tún un kọ. Ìgbà tí orin kan orúkọ náà, mo mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹnu mi dé.

"Àkànjí o!" Ohùn ìpèrun yẹn ló jáde, gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. "Dúró!"

Ló bá tún dojú bolẹ̀. Àkànjí fa aṣọ ìbora bojú. "Bó o ṣe máa máa pe gbogbo wa nìyẹn," ó sọ ọ́ látinú aṣọ.

Mo ń bá orin mi lọ, nítorí kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì nínú àwọn méjèèjì.