Ọjọ́ Tí Télọ̀ Lọ Wo Iṣan Inú Ikùn Rẹ̀

Ọdún méjì gbáko ni télọ̀ fi ń wá àwáwí. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba inú ikùn kọjá ló wú tó sì bẹ́ lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó fi kú lójijì, láìjẹ́ pé nǹkan kan dùn ún rí. Dókítà ní irú ẹ̀ máa ń wà nínú ìdílé, kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ ya àwòrán inú. Télọ̀ ní aṣọ oníbàárà pọ̀ nílẹ̀. Nígbà tó sú ìyàwó rẹ̀, ó bá a gba ọjọ́ nílé ìwòsàn, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ jẹun láàárọ̀.

Télọ̀ gbọ́. Àmọ́ bí ìyàwó ṣe wọ ilé ìwẹ̀, ó yọ búrẹ́dì méjì, ó fi bọ́tà ra á, ó gbé e mì kíákíá.

Nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n ta kọ́tìnì sí, obìnrin tó ń ya àwòrán da ìpara tútù sí i níkùn, ó wá ń ti ohun kan tó dà bí ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n káàkiri. Kìkì kùrukùru ló wà lójú ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde.

"Bàbá, kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Èmi? Omi lásán ni."

"Omi yìí le o. Gáàsì rẹ̀ ti bo gbogbo iṣan mọ́lẹ̀. Ṣé kò ní bọ́tà lára? Ó ṣì kù sí ètè yín."

Ìyàwó yíjú sí i. Télọ̀ ń wo àjà.

"Ẹ padà wá lọ́la," obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má sì mu irú omi yẹn mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ní iṣẹ́ ní iléèwé tó ti ń kọ́ni, ni àbúrò télọ̀ obìnrin bá sìn ín lọ. Kánmọ́ ni wọ́n ń pè é, torí kì í rí àyè jókòó. Kì í sì í jẹun títí di ọ̀sán. Lọ́tẹ̀ yìí, télọ̀ ò jẹun, iṣan rẹ̀ sì hàn kedere, ó ń lù kì, kì. Obìnrin tó ń ya àwòrán wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà méjì. Ó tẹ nǹkan kan, ariwo ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn sì gba yàrá.

"Inú mi ló ń pariwo báyìí?" Inú télọ̀ dùn.

"Inú yín ni, ó sì dáa gan-an." Ó kọjú sí Kánmọ́. "Ṣé ìyá kan náà ló bí yín, mà?"

"Ìyá kan, bàbá kan. Àmọ́ mo kàn sìn ín wá ni."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá o."

"Ó yá, n ó lọ sọ fún dókítà. Ẹ gorí bẹ́ẹ̀dì."

Nígbà tó rí iṣan Kánmọ́, obìnrin náà ò ṣàwàdà mọ́. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n. Mẹ́rin. Ìlọ́po méjì ti télọ̀.

Dókítà wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Iṣan náà ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì tó ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ. Wọn ó máa wò ó lọ́dọọdún. Kí Kánmọ́ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sì fi sìgá sílẹ̀.

"Sìgá wo?" ni télọ̀ bi í.

Kánmọ́ ń wo ilẹ̀.

Níta, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Bùrọ̀dá," ló sọ jẹ́jẹ́, "tí mi ò bá bá yín wá ńkọ́?"

"O sáà ti wá." Télọ̀ na ọwọ́. "Mú un wá."

Ó ṣí báàgì, ó yọ páálí sìgá lé e lọ́wọ́. Télọ̀ rún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó jù ú sí garawa ìdọ̀tí.

Wọ́n jọ padà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mẹ́rin náà ni iṣan Kánmọ́ ṣì jẹ́, kò fi bín-íntín lé sí i. Kánmọ́ fò sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tìpara-tìpara, ó ń wá bàtà rẹ̀: ó ní ẹ jẹ́ káwọn tètè máa lọ, ebi ń pa òun.