Ìró Ìbọn láti Ìfọ́n

Lọ́dún 1956 tí mò ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà n'Íbàdàn, tíṣà físíìsì wa kò fojú oore wò wá rárá. Bí a ti ń palẹ̀ mọ́ fún họlidé ló ní kí á lọ wọn bí ìró ṣe ń yára tó, ní ìta gbangba, kì í ṣe nínú yàrá ìdánwò. Ẹni tí kò bá mú ìdáhùn tó pé bọ̀, kó má wulẹ̀ padà wá fún ọdún kejì.

Èmi ọmọ Ìlọ́bù àti Ọláyínká ọmọ Ìfọ́n la jọ ń lo tábìlì kan. Láti orí àpáta tó wà lóko bàbá mi, oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń hàn lọ́ọ̀ọ́kán, a sì ti wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó lórí máàpù. Àdéhùn wa kò le. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọn yóò yìnbọn lọ́hùn-ún, ẹ̀tù lásán, kò ní ọta. Bí mo bá ti rí iná rẹ̀, màá tẹ aago kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí ìró bá dé etí mi, màá tún un tẹ̀ kó dúró. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi yóò yin tiwa, kí Ọláyínká wọ̀n ọ́n, kó sì gbé láńtánì sókè láti fi hàn pé òun gbọ́. Atẹ́gùn a máa ti ìró síwájú lápá kan, a sì máa fà á sẹ́yìn lápá kejì. Àfi kí á pa méjèèjì pọ̀ kí á tó rí òótọ́.

"Ìfọ́n kẹ̀?" ni bàbá mi, Bùràímọ̀ ọdẹ, wí. "Ìfọ́n tí à ń bá fa ilẹ̀? N ó yìnbọn fún ọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ibẹ̀ láéláé."

Sátidé dé. Iná kọ yẹ̀rì lọ́nà Ìfọ́n! Mo tẹ aago. Ọwọ́ aago ń sáré, èmi kò mí. Gbòà! Mo tún un tẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè bí ewúrẹ́.

Èmi nìkan kọ́ ló gbọ́ ọ. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ya bo orí àpáta tàdátàdá, Hàmídù, aládùúgbò oko wa, ló ṣáájú wọn. "Ará Ìfọ́n ti yìnbọn sí wa! Bàbá ọdẹ, ẹ dá a padà fún wọn, ká máa lọ!"

Bàbá mi rọra sọ ìbọn kalẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Bó bá yìn ín, àwọn wọ̀nyí yóò ní ogun ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá yìn ín, ọdún kejì mi ti lọ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí, mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ilẹ̀ ń ṣú."

Ó yíjú sí wọn. "Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ìró ìbọn lọmọ mi ń wọ̀n."

"Ìró?" Hàmídù bú sẹ́rìn-ín. "Kóńgò wo lẹ fẹ́ fi wọ̀n ọ́n, Bàbá?"

"Jókòó ná, wàá rí i."

Wọ́n jókòó, àdá lórí itan. Bàbá mi ní Bísímílà, ó kọ ẹnu ìbọn sójú ọ̀run, ó yìn ín. Gbogbo wa ń wo Ìfọ́n. Bí wọ́n bá ṣì wá gbọ́ lọ́hùn-ún ńkọ́? Lójijì, láńtánì kan gòkè, ó ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ sósì. Ọláyínká ti gbọ́ ọ! Mo kígbe. Hàmídù kígbe jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì mọ ohun tó ń kígbe sí.

"Ìró ìbọn ta ló wá yára jù," ló bèèrè, "tiwa àbí tiwọn?"

"N kò mọ̀," mo wí. "Ìdajì ló wà lọ́wọ́ mi. Ìyókù wà ní Ìfọ́n."

Gbogbo wọn wo bàbá mi. Òun ń wo láńtánì yẹn. Nígbà tó pẹ́, ó gbé ìbọn lé orí àpáta.

"Ẹ kó àdá yín sílẹ̀ níbí," ló wí. "Ìdáhùn la ń lọ gbà, kì í ṣe ilẹ̀."

Òun ló ṣáájú.