Àdán Márùn-ún Ara Pátákó

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ni Màmá Adédùntán wọ yàrá ọmọ rẹ̀ ní Ìkìrun, tó ní kí wọ́n yí pátákó òun síta kí òun lè gbé ọmọ tuntun sí iwájú rẹ̀. Àyà Mofolúwakẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, já.

Pátákó náà kì í ṣe ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́. Awẹ́ mẹ́fà ni, ó ga ju èèyàn lọ, ó ṣeé ká kò. Ọ̀dà dúdú tí àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ fi oje igi ṣe ń dán lára rẹ̀, wọ́n sì fi omi wúrà ya àwòrán sí i. Lọ́ńdọ̀nù ni olóògbé ọkọ Màmá ti rà á. Nígbà tí Mofolúwakẹ́ wọlé ọkọ, Màmá gbé e ránṣẹ́ láti Òkukù pé kí wọ́n fi gé yàrá wọn.

Àmọ́ àdán márùn-ún ló wà láàárín rẹ̀, wọ́n na ìyẹ́. Ọmọ Aládùúrà láti Iníṣà ni Mofolúwakẹ́. Oyún ò tètè dé, ló bá ń wo àwọn àdán yẹn ṣáá. Kò bi Màmá léèrè, bẹ́ẹ̀ ẹnu ò dùn ún. Ó kàn mú ọ̀bẹ ìdáná, ó ha gbogbo wọn kúrò, ó dojú pátákó kọ ògiri, ó ní nítorí eruku ni.

Wọ́n yí i síta. Igi lásán ló kù níbi tí àdán wà.

“Ta ló ha á?”

“Èmi ni, mà. Àdán ni mo rí, mà.”

Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. “Àdán ni lóòótọ́. Bàbá wọn sọ fún mi pé lédè Ṣáínà, bí wọ́n ṣe ń pe àdán náà ni wọ́n ń pe ire. Ẹ̀mí gígùn, ọrọ̀, ìlera, ìwà rere, ikú ìrọ̀rùn. Bí àwa náà ṣe ń fi orógbó wúre pé kí ọmọ ó gbó.” Ó wo ojú igi lásán náà. “O rò pé èmi ni mo rán wọn sí ẹ.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Mofolúwakẹ́ rò. Ojú tì í gidigidi, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Níta, wòlíì ìjọ wọn gbàdúrà, wọ́n fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu, ó wá kan orógbó. Wòlíì kì í janpata lórí orógbó. Ìyá bàbá ọmọ ló ń mú un nílé wọn, kì í sì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Màmá mú un dání, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó yíjú sí Mofolúwakẹ́ lójú gbogbo èrò.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìkókó, ṣé ẹ gbà kí n fi kàn án lẹ́nu?”

Láti ọjọ́ tí Mofolúwakẹ́ ti wọlé wọn, Màmá ò fi “ẹ” àpọ́nlé bá a sọ̀rọ̀ rí.