Ẹ́ńjìnnì Apá Ọ̀tún

Láti ọjọ́ tí Adéyẹmọ ti ra ẹ́ńjìnnì méjèèjì ni Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò ti rí oorun sùn dáadáa. Kó tó dìgbà náà, ó máa ń fi bàálù yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọdún mẹ́fà ni ọkọ rẹ̀, tíṣà iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ti fẹ̀yìntì, fi kàn án ní Mọníyà. Àwòṣe bàálù ogun ayé ọjọ́un ni, irú èyí tó ní ẹ́ńjìnnì kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Títílọpẹ́ fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ tó bo apá méjèèjì, ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Bódìjà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ bó ṣe ń rán an. Bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì, àga lásán ni lójú tirẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Mujeeb ní Ring Road ni wọ́n ti ra ẹ́ńjìnnì náà. Adéyẹmọ ló kọ́ Mujeeb níṣẹ́ ní ilé ìwé, orí pápá ẹbí Mujeeb ní Mọníyà sì ni bàálù yẹn wà. Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ kún ṣọ́ọ̀bù náà dẹ́nu ọ̀nà. Mujeeb kọ́kọ́ fa méjì kékeré jáde, ti alùpùpù.

"Sà, àwọn wọ̀nyí ni kẹ́ ẹ mú. Wọn ò wúwo rárá."

"Tí ọ̀kan bá kú lókè ńkọ́?"

"Ìkejì á ṣì máa ṣiṣẹ́, sà."

"Á máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lè dá gbé mi," ni Adéyẹmọ wí. "Á kàn máa wọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí tí màá fi jábọ́. Èyí tí ẹyọ kan ṣoṣo á lè gbé mi délẹ̀ ni mo ń wá."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà sídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́. Méjì péré ló kù. Mujeeb gbé wọn sórí irin, ó ṣíná sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Adéyẹmọ fi orí sípánà gígùn kan ara ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ sétí, ó sì di ojú méjèèjì. Títílọpẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń mọ èyí tó fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó dá a sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ ń lọ geere. Ìkejì ń lọ, àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ìró rẹ̀ ń já, bí ẹni tó gbé èémí mì. Títílọpẹ́ gbọ́ ọ. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò wo tirẹ̀.

"Èyí dára," ni Adéyẹmọ wí. Ìkejì yìí ni wọ́n dè mọ́ apá ọ̀tún.

Kí ni télọ̀ fẹ́ sọ nípa ẹ́ńjìnnì níwájú ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn lẹ́ńjìnnì? Títílọpẹ́ gba ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ, wòlíì gbàdúrà sí omi nínú ìgò kan fún un, ó ní kó wọ́n ọn sára bàálù náà kó tó gbéra.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni Adéyẹmọ fẹ́ fò. Ó ní òun ò ní ga ju igi ọ̀pẹ lọ, bí ẹni pé ẹni tó já láti orí ọ̀pẹ kì í kú. Ó yẹ gbogbo ìdè wò. Ó fa pẹtiróòlù díẹ̀ nísàlẹ̀ táǹkì kọ̀ọ̀kan sínú ìgò, ó gbé e sójú oòrùn, ó ní ó mọ́. Lẹ́yìn náà lòun àti Mujeeb lọ lé àwọn ewúrẹ́ kúrò lórí pápá.

Títílọpẹ́ dá dúró ti bàálù pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Ó ronú pé bí òun bá wọ́n ọn sí i lára, oòrùn á fà á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣebí bí àìsàn bá ṣe èèyàn, mímu ni wọ́n ń mu omi àdúrà kó lè dé ibi tó ń dùn ún. Ó gun àpótí, ó ṣí táǹkì apá ọ̀tún, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀. Fúngbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara tù ú.

Wọ́n padà dé, Adéyẹmọ gòkè, ó ṣíná. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì dáhùn. Ti ọ̀tún kò tilẹ̀ gbé èémí mì mọ́. Títílọpẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé Olúwa ṣeun, nígbà tó rántí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lákòókò òjò tó kọjá, omi wọ pẹtiróòlù rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló húkọ́ tó kú.

Ẹ̀rù tó bà á kò jẹ́ kó lè lọgun. Bàálù ti ń yí lọ síbi tí yóò ti sáré. Títílọpẹ́ ká ìró rẹ̀ sókè, ó ré pápá kọjá, ó sì lọ dúró síwájú rẹ̀ gan-an, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ń wo àwọn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí biribiri bọ̀ wá bá a, ó sì mọ̀ dájú pé òun ti kú. Adéyẹmọ rí i, ó paná ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Imú bàálù kò jìnnà sí i ju ìdúró ènìyàn méjì lọ.

"Títí, kí ló dé? Ṣé o fẹ́ kú ni?" Adéyẹmọ yọ orí síta.

"Mo da omi àdúrà sí táǹkì, Bàbá Ìrẹ̀mídé. Ẹ dákun."

Adéyẹmọ sọ̀kalẹ̀. Ó fa pẹtiróòlù sínú ìgò, omi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Mujeeb ní subhanallah, ó jókòó sínú koríko.

"Ṣé méjèèjì lo da á sí?"

"Rárá o. Ti ọ̀tún nìkan ni."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ti ọ̀tún?"

"Òun ló ń gbé èémí mì. Òun ló ń bà mí lẹ́rù."

Adéyẹmọ bọ́ akoto orí rẹ̀. "Èmi náà gbọ́ ọ," ó wí. "Ọdún mẹ́fà ti pọ̀ jù, Títí. Mi ò fẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfìfo ni."

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ìjàpá mìíràn dé sí ṣọ́ọ̀bù Mujeeb, Adéyẹmọ kò fi sípánà sétí ara rẹ̀ mọ́. Ó kó o lé Títílọpẹ́ lọ́wọ́. Mujeeb ṣíná. Títílọpẹ́ di ojú, ó ń wá àléébù. Ó wá a títí. Ó mọ̀ pé bí òun bá kàn mirí lásán, ọkọ òun kò ní fò, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ń lọ geere, kò gbé èémí kankan mì. Nígbà tó lajú, Adéyẹmọ ń wo ẹnu rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń retí èsì ìdánwò.

Ó gbé sípánà sílẹ̀.

"Èyí dára," ni Títílọpẹ́ wí, ó sì jáde lọ sunkún sí etí títì.