Ẹni Tó Jókòó Sípò Ọkọ

Lọ́jọ́ tí Wàsílátù ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín. Obìnrin tó ń lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ló tún fẹ́ fi ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe n'Íkòtún? Sìkírátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ra ẹ̀rọ náà, ní kó ṣe sùúrù ná, kí fisà kọ́kọ́ jáde.

"Fi mí sílẹ̀ jàre," ni Wàsílátù wí. "Àbí o ò fẹ́ kí n lọ ni?"

Gbogbo owó ẹ̀rọ náà ló gbé fún Àlàájì Hàrúnà, bàbá ọkọ rẹ̀, pé kí wọ́n bá òun fi ránṣẹ́. Tàjùdíìnì ọkọ rẹ̀ ti kọ̀wé wá pé àwọn òyìnbó fẹ́ rí i pé owó tó lè bọ́ ìyàwó wà nínú ìwé báńkì òun kí wọ́n tó gbà á láyè láti wọlé.

Owó ò kúkú wọ́n nílé Àlàájì nígbà náà. Ọdún tí ìjọba san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́ ni, ẹni tó bá sì ní ilẹ̀ n'Ígàndó ti kúrò ní tálákà. Àlàájì ń ta pùlọ́ọ̀tì kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Tàjùdíìnì tó ń kọ́ ìṣirò owó lọ́hùn-ún. Ẹ wá gbọ́ o: ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó, owó kì í dúró lọ́wọ́ ẹ̀! Lẹ́tà tó bá ti dé, owó ni. Owó ilé, owó iná, owó ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi nǹkan ránṣẹ́ wá sílé, ìyẹn kóòtù òtútù tó rà fún ìyàwó rẹ̀. Wàsílátù wọ̀ ọ́ wò nínú ooru Ìkòtún, ó ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ bọ́ ọ.

Kí Tàjùdíìnì tó wọ bàlúù ló ti fẹ́ ẹ sọ́nà. Nígbà tó tó àkókò láti so yìgì, wọ́n ní owó àlọ àti àbọ̀ ti pọ̀ jù, kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Múdàṣírù, àbúrò ọkọ, gbé agbádá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀, ó jókòó sípò rẹ̀, òun ló bá a dá lémọ̀mù lóhùn. Ìyàwó jókòó tì í, wọ́n ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀, torí kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tó gbé ìyàwó. Wàsílátù sì jẹ́ ìyàwó tó mọ ilé ọkọ: ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, nítorí náà "Gbajúmọ̀" ló ń pe Múdàṣírù, láti ọjọ́ tó ti wọlé.

Ó di ọjọ́ fisà. Òyìnbó tó ń bi í léèrè na ọwọ́ sí fọ́tò náà. Matilda, ọmọbìnrin tó ń ṣe ògbufọ̀, ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní, ọkọ yín dà nínú fọ́tò yìí?"

"Kò sí níbẹ̀. Ṣebí Lọ́ńdọ̀nù ló wà, òun náà ni mò ń lọ bá."

"Wọ́n ní, ta wá ni ọkùnrin yìí?"

"Àbúrò ọkọ mi. Òun ló jókòó fún un."

Òyìnbó kọ nǹkan sílẹ̀, ó kọ ọ́ pẹ́. Matilda wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé wọn ò lè gba fọ́tò yẹn, wọn ò sì lè gba ìwé lémọ̀mù nìkan. Kí Wàsílátù lọ gba ìwé ìgbéyàwó ìjọba wá.

Nígbà tó délé tó ròyìn, Àlàájì rẹ́rìn-ín títí. "Ìwé lásán-làsàn ni wọ́n ń fẹ́? Ṣé ìwé la ò ní rí ni! Ẹni tó jókòó lẹ́ẹ̀kan, kó tún lọ jókòó."

"Bàbá," ni Wàsílátù wí lórí ìkúnlẹ̀, "ṣé ti ìjọba náà máa ń gba aṣojú? Àbí ká kọ̀wé bi ọkọ mi ná?"

"Ìgbà wo ni lẹ́tà máa lọ tó máa bọ̀? Ìgbéyàwó ò ju ìgbéyàwó lọ, ìyàwó. Fọkàn balẹ̀."

Àlàájì fúnra rẹ̀ ló kó Wàsílátù àti Múdàṣírù lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó. Ó ki owó bọ akọ̀wé ibẹ̀ lọ́wọ́, pé kó má da àwọn ọmọ òun láàmú pẹ̀lú ìbéèrè. Akọ̀wé gba owó, kò sì béèrè nǹkan kan. Ẹ gbà mí o! Ìbéèrè kan péré ìbá gba obìnrin yìí là, àwọn ni wọ́n sì fi owó ara wọn rà á kúrò nílẹ̀. Rìsíìtì owó orí nìkan ni akọ̀wé ní kí ọkọ mú wá. Múdàṣírù fa tiẹ̀ yọ lápò. Ta ló tún fẹ́ fún un ní ti ẹlòmíràn? Orúkọ tó wà lórí rìsíìtì ni akọ̀wé dà kọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n padà lọ, Múdàṣírù fọwọ́ sí i, Wàsílátù tẹ̀ka. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè ka Gẹ̀ẹ́sì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé náà fi wà lára ògiri pálọ̀ Àlàájì nínú gíláàsì, tí àlejò ń wò ó. Ọjọ́ kẹrin, Wàsílátù gbé e lọ sí ọ́fíìsì fisà. Òyìnbó kà á, ó wo fọ́tò àtijọ́, ó tún kà á. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Inú Wàsílátù dùn, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Matilda ò lè wò ó lójú. "Àǹtí, wọ́n ní ẹ kú oríire ìgbéyàwó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti wá yé àwọn báyìí. Ẹ̀yin ni ìyàwó Múdàṣírù. Wọ́n ní, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù?"

Háà! Wàsílátù gba ìwé náà padà, ó sáré gba ilé lọ.

Wọ́n lọ bá lọ́yà. Lọ́yà ní ìwé yẹn ṣeé tú, àmọ́ Múdàṣírù gbọ́dọ̀ dúró níwájú adájọ́, kó sọ pé irọ́ lòun fọwọ́ sí. Ẹ̀wọ̀n sì wà nídìí ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ti ibẹ̀ bọ̀, Wàsílátù ti rí i lójú Àlàájì pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Àlàájì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Tàjùdíìnì, èsì rẹ̀ sì dé lẹ́yìn oṣù kan. Ọjọ́ Àìkú ni Àlàájì pe ẹbí jọ, ó ní kí Jọkẹ́, tíṣà tó háyà yàrá nínú ilé náà, kà á fún wọn.

"'Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó dáa. N ò lè torí obìnrin ti àbúrò mi sẹ́wọ̀n. Ohun tí ẹ bá ti ṣe, mo fara mọ́ ọn. Ní ti owó tó wà ní báńkì, mo ti fi ra mọ́tò kékeré kan, torí òtútù ìhín pọ̀. Ẹ bá mi kí Wàsílátù.'"

Jọkẹ́ ká lẹ́tà, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Owó ẹ̀rọ ìránṣọ wà nínú mọ́tò yẹn. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.

"Ó ti rí bó ṣe rí," ni Àlàájì wí. "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíràn. Tàjùdíìnì á tú yìgì tiẹ̀ nínú lẹ́tà tó ń bọ̀. Ìwé kúkú ti sọ ọ́, kí ìyàwó wa máa wá jẹ́ ti Múdàṣírù. Ilé kan náà ni."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Múdàṣírù. Ó fọwọ́ họrí. "Bí Bàbá bá ti wí bẹ́ẹ̀ ṣá..."

Inú bí Wàsílátù gidigidi. Ẹni tó rò pé yóò kọ̀ rèé! Ó wọ yàrá lọ, ó yọ kóòtù kúrò lára ìṣó, ó padà sáàárín wọn. Lọ́jọ́ yìí, kò kúnlẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìyàwó nínú ilé yìí," ló wí, "n ò tíì ní ọkọ kan ṣoṣo."

"Ìyàwó, rọra..."

"Múdàṣírù!"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìyàwó àgbà kan káwọ́ lérí.

"Múdàṣírù, kóòtù rèé." Ó jù ú lé e lẹ́sẹ̀. "Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó fún èèyàn. Wọ̀ ọ́, kó o lọ Lọ́ńdọ̀nù, kó o lọ jókòó fún mi."

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó jáde. Ẹnikẹ́ni ò pè é padà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Sìkírátù, ó ń ran aṣọ aláṣọ lórí ẹ̀rọ tó ti jẹ́ tirẹ̀ rí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Sìkírátù á máa sanwó fún un.